Ẹ̀rù Tó Wọ Ara: Bí Ẹni Tó Kó Sọ́wọ́ One Chance Ṣe Lè Padà Wọ Dánfó

Fóònù tí àwọn one chance, olè tó ń ṣe bí ọkọ̀ èrò, gbà lọ, ẹni tó ni ín ti ra òmíràn. Síìmù ti padà, báǹkì ti ṣe káàdì tuntun, ará ilé ti dúpẹ́ pé ẹ̀mí ò bá a lọ. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, bí kọ̀ndọ́ bá ṣáà ti gbá ara ọkọ̀ ní Ojúẹlẹ́gba, "Ọbaléndé! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!", àyà ẹni náà á já, ọwọ́ á tutù, ẹsẹ̀ ò ní gbé. Ó mọ̀ pé ọkọ̀ gidi ni. Ó rí àwọn ìyá ọlọ́jà nínú ẹ̀ pẹ̀lú ẹrù wọn. Síbẹ̀, ara kọ̀ jálẹ̀.

Àwọn tó yí i ká á ní kó gbàgbé, kó ṣọkàn akin, ṣebí Ọlọ́run ti kó o yọ. Ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ̀rù yìí fara pamọ́ sí kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ̀rí ló máa ń gbà, èyí tí ojú ara ẹ̀ rí, tí etí ara ẹ̀ gbọ́, tó sì ṣẹlẹ̀ léraléra. Bí èèyàn ṣe ń kó irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ jọ fún ara rẹ̀ la fẹ́ ṣàlàyé. Dánfó la fi ṣe àpẹẹrẹ torí pé kò sẹ́ni tó lè sá fún un pẹ́ l'Ékòó. Ẹni tó jẹ́ pé ìjàǹbá ọkọ̀, iná tàbí ilé tó wó ló kan òun, kó fi ohun tirẹ̀ rọ́pò dánfó.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara

Ẹran kékeré kan wà nínú ọpọlọ, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, tí kò tóbi ju èso inú fúrúùtù lọ. Amygdala ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Iṣẹ́ ọlọ́dẹ ló ń ṣe. Kì í dúró wádìí kó tó fọn fèrè. Ó ń fọn ọ́n ná, ìwádìí á tẹ̀ lé e. Bó bá ti fọn ọ́n, àwọn ẹran kékeré méjì tó gorí kíndìnrín á tú adirẹnalíìnì, èròjà tó ń ta ara jí, sínú ẹ̀jẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kọ́tísọ́ọ̀lù á sì tẹ̀ lé e. Ọkàn á máa sáré kí ẹ̀jẹ̀ lè dé ẹsẹ̀. Ọrùn, ejìká àti àgbọ̀n á le. Ikùn á pa iṣẹ́ oúnjẹ tì, ìdí nìyẹn tí inú fi ń run tàbí tí ìgbẹ́ gbuuru fi ń mú ẹni tí ẹ̀rù bà.

Bí kò bá sí ọ̀nà àtisá tàbí àtijà, bíi ká fún èèyàn mọ́ àárín lórí ìjókòó ẹ̀yìn kí wọ́n sì fa ọ̀bẹ yọ, ara lè dì gbagidi, ohùn á sì há. Ọ̀pọ̀ ló ń fi èyí dá ara wọn lẹ́bi fún ọdún gbọọrọ: "Kí ló dé tí mi ò pariwo?" Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa. Kì í ṣe ìwà ojo. Ara ló yan ohun tó lè mú yín jáde láàyè, kò sì bi yín kó tó yàn án.

Apá ọpọlọ mìíràn, hippocampus, ló máa ń fi ọjọ́ àti ibi sára ìrántí. Nígbà ìpayà ńlá, iṣẹ́ ẹ̀ kì í já gaara. Òórùn epo pẹtiróòlù, ìró ilẹ̀kùn ọkọ̀ tí wọ́n fà pa, ohùn ẹni tó ní "dorí kodò!", gbogbo rẹ̀ lè wọlé láìní déètì lára. Ohun tí kò ní déètì ni ara ń kà sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Ẹni tó wà ní Ìkẹjà lọ́jọ́ 27, oṣù kìíní, ọdún 2002, nígbà tí bọ́ǹbù ń dún ní bárékè, tàbí ẹni tó bá wọn sá lọ sí Òkè-Àfà níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti kú sínú odò, bí tiransifọ́mà bá dún gbòlà lónìí tó sì ti dojú bolẹ̀ kó tó mọ ohun tó ń ṣe, orí rẹ̀ ò dàrú. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá.

Ẹ má ṣe rò pé ìrántí náà wà nínú ẹran ejìká yín o, tí ẹnì kan á wá tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọpọlọ ló ń pàṣẹ, ejìká ló ń jẹ́ iṣẹ́. Kí wọ́n fi òróró wọ́ ara dára, oorun á dùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun á fọ ìpayà kúrò lára yín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pẹ̀lú àgbo tàbí ìfọwọ́ra, owó yín ló ń wò.

Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀

Tí ọjọ́ náà ò bá tíì pé mẹ́ta, ìtọ́sọ́nà àtẹ̀gùn tó wà nísàlẹ̀, ìyẹn bí èèyàn ṣe ń sún mọ́ ohun tó ń bà á lẹ́rù díẹ̀díẹ̀, kò tíì kàn yín. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ bí ara bá gbọgbẹ́. 767 tàbí 112 ni ẹ máa pè fún ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì l'Ékòó. Bí wọ́n bá fipá bá èèyàn lò pọ̀, kó má ṣe tíì wẹ̀ tó bá lè ṣeé ṣe, oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72. Mirabel Centre tó wà ní LASUTH, Ìkẹjà, ń tọ́jú irú ẹni bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2013.

Yàtọ̀ sí èyí: omi, oúnjẹ, ẹnì kan tó máa sùn tì í. Ẹ má ṣe fipá mú un ro ẹjọ́ náà látòkèdélẹ̀. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́. Bí kò bá fẹ́, ẹ jọ jókòó. Ẹ má sì lọ ra diazepam tàbí bromazepam ní kẹ́mísì fún un pé kó lè sùn. Ìmọ̀ràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2013 ni pé kí wọ́n má fi irú oògùn yẹn tọ́jú ìpayà nínú oṣù àkọ́kọ́. Kì í dènà àìsàn náà, ara sì tètè ń sọ ọ́ di bárakú.

Lára àwọn tí irú nǹkan báyìí ṣẹlẹ̀ sí, èyí tó pọ̀ jù ni ara wọn máa ń rọlẹ̀ fúnra ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bó bá ju oṣù kan lọ, tí àlákálàá ò lọ, tí èèyàn ń sá fún ibì kan tàbí nǹkan kan, tí inú ń tètè bí i, tí ariwo kékeré ń mú un fò sókè, àìsàn tó ní orúkọ ni: PTSD. Láti ọdún 1980 ni àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Ó gbóògùn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ìwé kékeré, ọjọ́ 7

Ẹ ra ìwé àjákọ kékeré tó lè wọ àpò. Nígbàkígbà tí ara bá fọn fèrè, ẹ kọ nǹkan márùn-ún: aago, ibi tẹ́ ẹ wà, ohun tẹ́ ẹ rí tàbí gbọ́ tàbí gbóòórùn ẹ̀ ní kété ṣáájú, ibi tó ti mú yín lára, àti nọ́ńbà láti 0 dé 10. 0 ni ìgbà tí ara silẹ̀ pátápátá, 10 ni ẹ̀rù tó burú jù tẹ́ ẹ mọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ ṣe.

Báyìí ló ṣe máa rí: *Ọjọ́ Ajé, 6:40 àárọ̀. Abẹ́ afárá Ojúẹlẹ́gba. Kọ̀ndọ́ fi ọwọ́ gbá páànù ọkọ̀. Àyà, ọ̀fun. 7. Mo padà sẹ́yìn, mo fẹsẹ̀ rìn.*

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé èèyàn á kọ "ẹ̀rù bà mí nínú ọkọ̀" kó sì pa ìwé dé. Ìyẹn ò ràn wá lọ́wọ́. Ọkọ̀ wo? Ìjókòó wo? Ta ló wà lẹ́yìn yín? Lọ́pọ̀ ìgbà, bí ọjọ́ 7 bá pé, ẹ máa rí i pé kì í ṣe gbogbo dánfó ló ń bà yín lẹ́rù. Ó lè jẹ́ ọkùnrin méjì tó gbá yín mọ́ àárín. Ó lè jẹ́ àṣálẹ́. Ó lè jẹ́ ìró ilẹ̀kùn yẹn nìkan ṣoṣo. Ohun tẹ́ ẹ bá rí níbẹ̀ la máa fi kan àtẹ̀gùn.

Ìgbésẹ̀ kejì: èémí, ọwọ́ àti ẹsẹ̀

Ẹ jókòó, kí ẹsẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀. Ẹ fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́ níbi tí iṣan ti ń lù. Ẹ fi imú fa èémí sínú, kẹ́ ẹ ka 1 dé 4. Ẹ rọra tú u síta bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná, kẹ́ ẹ ka 1 dé 6. Bẹ́ ẹ bá fara balẹ̀, ẹ máa gbọ́ ọ lábẹ́ ìka yín pé lílù ọkàn ń falẹ̀ díẹ̀ nígbà tí èémí ń jáde. Iṣan gígùn kan tó ti ọpọlọ wá sí àyà àti ikùn, vagus, ló ń fa ìjánu ọkàn, ìgbà tí èémí ń jáde gan-an ló sì ń fà á jù. Ìdí nìyẹn tí ìtújáde fi gbọ́dọ̀ gùn ju ìfàwọlé lọ. Èémí 6 ní ìṣẹ́jú kan, fún ìṣẹ́jú 5, láàárọ̀ àti lálẹ́.

Nǹkan méjì ló máa ń ba eléyìí jẹ́. Àkọ́kọ́, èèyàn á fa èémí ńlá bí ẹni fẹ́ rì sódò, ojú á máa ṣú u, ìka á máa ta á. Afẹ́fẹ́ carbon dioxide ló ti tú jáde jù. Kí èémí kéré, kó ṣáà gùn ni. Èkejì, èèyàn ò ní fi kọ́ra nílé, ọjọ́ tí nọ́ńbà bá dé 9 ló máa rántí. Ojú ogun kọ́ ni wọ́n ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta ọfà. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe é nígbà tí ara balẹ̀.

Ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn tàbí tí wọ́n bo nímú, wíwo èémí lè dá kún ẹ̀rù ẹ̀. Kó fi èémí sílẹ̀. Kó di piọ wọ́tà tútù mú ní ọwọ́ méjèèjì, kó tẹ gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀, kó wo ohun márùn-ún tó wà níwájú ẹ̀ kó sì dárúkọ wọn, kó wá sọ ọ́ síta: "Ọjọ́bọ̀ lòní. Fádèyí ni mo wà. Ọ̀sán ni." Déètì tí kò sí lára ìrántí yẹn ló ń bá a kọ.

Fún ọrùn àti àgbọ̀n tó le: ẹ di ẹ̀ṣẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 5, ẹ tú u fún 15. Ẹ gbé ejìká sókè dé etí, 5. Ẹ jù ú sílẹ̀, 15. Ẹ rún ojú pọ̀, ẹ fa ikùn sínú, ẹ na ẹsẹ̀ tantan, bákan náà. Gbogbo rẹ̀ ò gba ìṣẹ́jú 10.

Ìgbésẹ̀ kẹta: oorun

Ara tí kò sùn kì í kọ́ nǹkan tuntun. Aago tẹ́ ẹ máa jí ni kẹ́ ẹ mú ṣinṣin, kódà lọ́jọ́ Àìkú. Kọfí, obì àti ohun mímu tó ń fúnni lágbára, ó parí lẹ́yìn aago méjìlá ọ̀sán. Ọtí máa ń gbé èèyàn sùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun náà ló ń jí i láago mẹ́ta òru pẹ̀lú àyà tó ń lù.

Bí àlákálàá kan náà bá ń padà wá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀sán, ẹ wá yí i padà bó ṣe wù yín: kí ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí, kí ìyá yín dìde láti ìjókòó iwájú kó sì sọ̀ yín kalẹ̀. Ìṣẹ́jú 10 sí 20 lójoojúmọ́ ni kẹ́ ẹ fi máa wo àlá tuntun yẹn lójú inú, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ará ilé, bí ẹ bá fẹ́ jí ẹni tó ń lá àlákálàá, ẹ má gbọ̀n ọ́n. Ẹ dúró níbi ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ pe orúkọ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: àtẹ̀gùn

Ibi tí ìwòsàn wà gan-an nìyí, ibẹ̀ náà lọ̀pọ̀ ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé.

Ká kọ́kọ́ ya ìṣọ́ra sọ́tọ̀ kúrò lára àìsàn. Kéèyàn má wọ ọkọ̀ àdáni tó ń gbé èrò láago mẹ́wàá alẹ́, ọgbọ́n ni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wò ó sàn fún yín. Ìṣọ́ra máa ń lópin: ẹ wo nọ́ńbà ọkọ̀, ẹ wo àwọn tó wà nínú ẹ̀, ẹ wọlé, ó tán. Ẹ̀rù tó jẹ́ àìsàn kì í tán. Bẹ́ ẹ ti jókòó tán ló tún ń bẹ̀rẹ̀.

Láti inú ìwé kékeré, ẹ to nǹkan 8 láti èyí tó rọrùn dé èyí tó le. Fún ẹni tó ń gbé ní agbègbè Fádèyí, ó lè rí báyìí:

1. Kí ẹ dúró ní òdìkejì ibùdókọ̀ láago 11 àárọ̀ pẹ̀lú ẹnì kan, ẹ máa wo dánfó. Nọ́ńbà 3.
2. Kí ẹ dúró ní ibùdókọ̀ gan-an, níbi tí ohùn kọ̀ndọ́ àti èéfín ti ń kàn yín lára. 4.
3. Kí ẹ jókòó sínú ọkọ̀ tó ń kó èrò ní gáréèjì, kẹ́ ẹ sọ̀ kó tó gbéra. Ẹ san owó kọ̀ndọ́ kí ó má bàa di ìjà. 5.
4. Fádèyí sí Onípáánù, pẹ̀lú ẹnì kan. 5.
5. Fádèyí sí Onípáánù, ẹ̀yin nìkan. 6.
6. Fádèyí dé Maryland, ẹ̀yin nìkan, lọ́sàn-án. 7.
7. Ọ̀nà kan náà, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ jókòó láàárín èèyàn méjì. 8.
8. Yábàá sí Ọbaléndé, gba orí afárá Third Mainland. 9.

Kí ló dé tó jẹ́ pé afárá ló kẹ́yìn? Torí pé ó gùn tó kìlómítà 11.8, kò sì sí ibi tẹ́ ẹ ti lè ní "ó wà o, mò ń bọ́ọ́lẹ̀". Títì Ìkòròdú ní ibùdókọ̀ lọ́tùn-ún lósì, ara mọ̀ pé òun lè sọ̀. Lórí omi, kò sí èyí.

Òfin àkọ́kọ́ ni pé ẹ ò gbọdọ̀ sọ̀ nígbà tí nọ́ńbà wà lókè téńté, àyàfi tí ewu gidi bá wà. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó sọ̀. Nọ́ńbà dé 8, ó ké sí kọ̀ndọ́, ó bọ́ sílẹ̀, ní ìṣẹ́jú méjì ara ti rọ̀ ọ́. Ara ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan: sísọ̀kalẹ̀ ló gbà mí. Ẹ̀rù ọ̀la á le ju tòní lọ. Ẹni tó bá dúró, nọ́ńbà á gòkè, á dúró díẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ó lè gba ìṣẹ́jú 20, ó lè gba 60. Nígbà tó bá já dé ìdajì ni ẹ̀rí wọlé: ọkọ̀ rìn, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn mí, mo wà.

Ìyẹn ló mú kí Fádèyí sí Onípáánù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo má tó. Ọ̀nà náà kúrú jù, ọkọ̀ á ti dé kí ẹ̀rù tó já. Ẹ lọ, ẹ bọ̀, ẹ tún lọ, ẹ tún bọ̀, lẹ́ẹ̀mẹrin, láàárọ̀ kan náà. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tí gbogbo wa ń bú yìí wúlò níbí. Tí ó bá dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, iṣẹ́ tí ẹ wá ṣe náà ló ń bá yín ṣe.

Òfin kejì: ìgbà mẹ́ta sí márùn-ún lọ́sẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ dà bí ẹni ń pọnmi sínú ajere. Ẹ má gun ipele tó kàn àfìgbà tí nọ́ńbà èyí tẹ́ ẹ wà bá ti wà ní 3 tàbí kó kéré sí i, fún ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Òfin kẹta le díẹ̀. Àwọn nǹkan kan wà tí a máa ń dì mú kí ẹ̀rù má bàa wọlé: gbígbá ilẹ̀kùn mú, orin létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí èèyàn máa bá ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀ lórí fóònù títí ọkọ̀ á fi dé. Ní ipele 1 sí 4, kò burú. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa jù wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ara á ní orin yẹn ló gba òun, kì í ṣe pé ọkọ̀ náà kò léwu. Àdúrà ńkọ́? Ẹ gbà á kẹ́ ẹ tó jáde nílé, ẹ dúpẹ́ bẹ́ ẹ bá padà dé. Nínú ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí ojú ríran, kí etí gbọ́rọ̀, torí àwọn ni ẹlẹ́rìí.

Bẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́ta: ti ìgbà tẹ́ ẹ wọlé, èyí tó ga jù, ti ìgbà tẹ́ ẹ sọ̀. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìwé yẹn á sọ ohun tí ẹnu ìyàwó, ọkọ tàbí pásítọ̀ ò rí sọ.

Ẹni tí kò gbọdọ̀ dá àtẹ̀gùn gùn

Ẹni tí ojú ẹ̀ máa ń ṣí tí kò sì mọ ibi tó wà fún ìṣẹ́jú gígùn. Ẹni tó ń ronú àtipa ara ẹ̀. Ẹni tí ẹni tó ń lù ú ṣì wà nínú ilé kan náà, torí ẹ̀rù tirẹ̀ ò purọ́, ibi tó máa sá sí ló kọ́kọ́ nílò. Ẹni tí wọ́n fipá bá lò, tàbí tí ìyà ọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀ láti kékeré. Kí irú wọn lọ bá ẹni tó kọ́ṣẹ́ ẹ̀. Àyà tó ń dùn nígbà tí èèyàn ń gun àtẹ̀gùn ilé, ẹ jẹ́ kí dókítà wo ọkàn náà kẹ́ ẹ tó pè é ní ẹ̀rù. Ẹ ní kí wọ́n wọn ìfúnpá lọ́jọ́ náà.

Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Yábàá láti ọdún 1907. LUTH ní Ìdí-Àràbà àti LASUTH ní Ìkẹjà náà ní ẹ̀ka tó ń rí sí i. Ó dùn wá pé "Yábàá Left" ṣì jẹ́ èébú lẹ́nu àwọn èèyàn, torí ọ̀pọ̀ tó ń lọ síbẹ̀ ń jáde láti ibi iṣẹ́ lọ ni, wọ́n sì ń padà síbi iṣẹ́. Bẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ béèrè ní tààrà: "Irú ìtọ́jú wo lẹ ń fún ìpayà? Ẹ̀ẹ̀melòó la máa rí ara wa?" Ìtọ́jú tó ń jẹ́ CPT, tó ń bá èèyàn tún èrò rẹ̀ nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ yẹ̀ wò, sábà máa ń gba ìgbà 12, Prolonged Exposure, tó jọ àtẹ̀gùn wa yìí ṣùgbọ́n tó tún ń jẹ́ kéèyàn ro ẹjọ́ náà jáde lẹ́nu fún olùtọ́jú, ń gba ìgbà 8 sí 15, EMDR, tí wọ́n ti ń mú ojú lọ sọ́tùn-ún sósì béèyàn ṣe ń rántí, náà wà. Bó bá jẹ́ oògùn ni wọ́n kọ fún yín, bíi sertraline, ó lè gba ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kó tó hàn lára. Ẹ má ṣe dá a dúró lójijì nítorí pé ara ti yá.

Ọjọ́ tí ẹ̀rù bá yí padà wá

Ó máa yí. Ìròyìn one chance kan lórí rédíò, àyájọ́ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, ẹnì kan tó fi irú òórùn kan pàtó para, nọ́ńbà tó ti wà ní 2 á fò sí 7. Ohun tẹ́ ẹ ti kọ́ ò parẹ́. Èyí àtijọ́ àti tuntun jọ wà níbẹ̀ ni, èyí tẹ́ ẹ bá ń lò jù ló ń dáhùn kíákíá. Ẹ má torí ẹ̀ sá fún dánfó fún oṣù kan. Ẹ sọ̀ ní ipele méjì: bó bá jẹ́ ipele 7 lẹ wà, ẹ lọ sí ipele 5. Fádèyí sí Onípáánù, lẹ́ẹ̀mẹrin, láàárọ̀ ọjọ́ kejì gan-an, kí oorun alẹ́ kejì tó kùn yín. Ẹ mú ìwé kékeré dání.